Awò Wo Ni Kí Olùkọ́ Rà Láti Kó Ọmọ Lọ Wo Ẹyẹ?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà. Láti táàmù tó ń bọ̀, mo fẹ́ máa kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde lọ wo ẹyẹ àti ẹranko. A fẹ́ dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, a sì fẹ́ dé ọgbà Yunifásítì ní Ifẹ̀. Ogójì ni wọ́n. Mo rí mònókúlà kan lórí fóònù, wọ́n kọ 40x60 sí i lára, wọ́n ní ó ń rí nǹkan láti kìlómítà mẹ́wàá, ó sì ń rí òru. Ẹnìkan ní kí n ra báínókúlà kékeré 8x25 dípò rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà yẹn kéré lójú mi. Èwo ni kí n rà? Mo ń lo awò ojú. Owó mi kò sì pọ̀."

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sókè fún ìyàwó mi. Àwọn ọmọ wa mọ kìnnìún, wọ́n mọ erin, torí wọ́n wà nínú ìwé. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun: gbogbo wọn ló lè kọ ọ́ lórin. Ṣùgbọ́n nínú ẹyẹ mẹ́ta yẹn, lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ti fojú rí. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìyẹn ṣe, mi ò ní fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe kékeré.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ: ẹ má ra mònókúlà 40x60 yẹn, tó jẹ́ awò olójú kan. Ẹ ra báínókúlà, ìyẹn awò olójú méjì, tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 8. Bí owó bá ká a, kó jẹ́ 8x32, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀. Bí kò bá ká a, 8x25 tó jẹ́ ojúlówó yóò ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà kékeré tó ń já yín kulẹ̀ yẹn gan-an ló máa gbè yín.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára awò. Ti àkọ́kọ́ ni ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan sún mọ́ wa: lékèélékèé tó wà ní 80 mítà, awò onílọ̀ọ́po 8 yóò mú un dà bí ẹni pé ó wà ní 10 mítà. Ti ẹ̀yìn ni ìbú gíláàsì iwájú, ní mìlímítà. Ẹ pè é ní fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn tó ń tajà lórí fóònù mọ̀ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ojú oníbàárà máa ń bà lé, ni wọ́n ṣe ń kọ 40, tí wọ́n ń kọ 80. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 2000 sí lára, tó sì wọ inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni. Awò tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, fi rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká ní oṣù kìíní ọdún 1610, nǹkan bí ìlọ́po 20 ló ń ṣe. Ti kìlómítà mẹ́wàá yẹn kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀, torí ojú lásán ń rí òṣùpá, òṣùpá sì jìnnà ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Bí ohun tí a rí ṣe mọ́ kedere tó ló yẹ kí a máa bèèrè. Ní ti òru, awò tó jẹ́ gíláàsì lásán, tí kò lo bátìrì, kò lè dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá wọlé sí i nìkan ló máa gbé fún ojú.

Ìyà wọn ti jẹ mí rí. Àbúrò mi kan tó ń dáko ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà ló ní kí n bá òun ra "40x60" kan, torí ó fẹ́ máa ti abà wo ìpẹ̀kun oko rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo fi rúlà wọn gíláàsì iwájú. 42 ni, kì í ṣe 60. Mo wá lọ dúró síwájú fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù kan tí wọn kò tíì rẹ́ ní àdúgbò wa. Mo fi ojú ọ̀tún wo inú awò, mo la ojú òsì sílẹ̀ sí ìta. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ ní sùúrù díẹ̀, àwòrán méjèèjì máa gun ara wọn: búlọ́ọ̀kù ràgàjì ti inú awò, àti àwọn búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ń rí. Mo ka iye ìlà búlọ́ọ̀kù ti ìta tí ìlà kan ṣoṣo ti inú awò bò mọ́lẹ̀. Mẹ́wàá péré. 10x42 ni wọ́n tà fún wa lórúkọ 40x60. Ó dùn mí gan-an, torí 10x42 kì í ṣe ohun àbùkù bí wọ́n bá pè é lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ nípa ohun tí rúlà lè tú fó, kí ni kò ní purọ́ nípa rẹ̀ nínú ohun tí ojú kò tó? Àwọn gíláàsì inú rẹ̀ ṣú dùdù, àbúrò mi kò sì lò ó tó oṣù méjì tó fi pa á tì. Ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló mọ ọjà dáadáa. Ẹ mú rúlà dání lọ.

Ohun kejì tí ẹ lè yẹ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ na awò náà síwájú ní gígùn apá, kí ẹ kọ ẹnu ńlá rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́, níbi tí oòrùn kò sí, kí ẹ wá wo ẹnu kékeré tí à ń fi ojú sí. Ẹ óò rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kékeré kan láàárín òkùnkùn, bí òṣùpá tó wà nínú kànga. Inú róbótó yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ máa rí ń gbà dé ojú yín. Bó ṣe fẹ̀ tó kò ṣòro láti mọ̀: ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín ti ẹ̀yìn. 8x25 ní nǹkan bíi mìlímítà 3, 10x25 ní 2.5, 8x32 ní 4, 7x50 tí àwọn atukọ̀ ojú omi fẹ́ràn ní 7. 40x60, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, 1.5 ni yóò ní.

Kí ni ìyẹn kàn wá? Nínú oòrùn ọ̀sán, ọmọlójú wa máa ń sún kì títí yóò fi fẹ̀ tó mìlímítà 2 tàbí 3, nítorí náà 8x25 tó fún pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ọ̀nà tó lọ sí ìsun omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní aago méje àárọ̀. Igi ti bo òkè, abẹ́ rẹ̀ ṣú, ọmọlójú ti là dé 4 tàbí 5, ó ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Bí awò yín bá ń fún un ní 2.5 péré, dúdú ni ẹyẹ náà yóò jẹ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó laró ni tàbí ó losùn. Ibẹ̀ ni 8x32 ti ń gba owó rẹ̀ padà. Mo ti rí àlùkò nínú irú òjìji bẹ́ẹ̀: nígbà tó bà, mo rò pé dúdú ni láti orí dé ìrù, àfi ìgbà tó na apá láti fò tí pupa abẹ́ ìyẹ́ náà bú jáde bí iná. Pẹ̀lú 10x25 tí mo kọ́kọ́ ń lò, mi ì bá má rí i.

Ìmọ́lẹ̀ tún ń sọnù nínú gíláàsì fúnra rẹ̀. Ojú gíláàsì kọ̀ọ̀kan tí wọn kò kùn ní nǹkan kan ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá tó mẹ́wàá nínú awò, ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ ti lọ kó tó dé ojú yín. Ní ọdún 1935 ni Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ fún Zeiss, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò ní Jámánì, rí ọ̀nà láti da ohun tín-ín-rín kan bo gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ lè máa kọjá. Ẹ gbé awò náà sábẹ́ iná, kí ẹ wo gíláàsì iwájú láti ẹ̀gbẹ́. Bí iná bá padà sí yín ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò tó rẹlẹ̀, wọ́n kùn ún. Bó bá funfun bí ti gíláàsì fèrèsé, wọn kò kùn ún. Bó bá pupa yòò bí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹwà ni wọ́n fi pupa yẹn ṣe, ó sì máa ń ba àwọ̀ nǹkan jẹ́.

Ọwọ́ wa náà tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Àyà ń lù, èémí ń wọlé, ó ń jáde. Awò onílọ̀ọ́po 8 ń sọ gbígbọ̀n yẹn di mẹ́jọ, ti 10 ń sọ ọ́ di mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí inú rẹ̀ ń dùn sì ni yóò dì í mú. Bí ìlọ́po bá ṣe ń pọ̀ sí i náà ni ibi tí awò ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan ń dín kù. Èyí tó jẹ́ 8 sábà máa ń fi ìbú tó tó 110 sí 130 mítà hàn ní 1,000 mítà. Ní 50 mítà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́fà, odindi ẹ̀ka igi kan. Ọmọ tó bá ń wá ẹyẹ nínú mítà mẹ́fà máa rí i. Èyí tó bá ń wá a nínú mítà kan, ẹyẹ yóò ti fò lọ kó tó ríbi tí orí igi wà.

Mònókúlà olójú kan kì í ṣe nǹkan burúkú. 8x25 olójú kan lè má wúwo tó fóònù, ó ń wọ àpò ṣòkòtò, ó sì dára fún àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò tó kàn fẹ́ wo nǹkan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún ìwòran wákàtí kan, ojú méjì kò láfiwé. Ọpọlọ ń pa àwòrán méjèèjì pọ̀, ohun tí ojú kan kò gbá mú, èkejì gbá a mú, oorun kì í sì í kun ojú. Tí ẹ bá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá awò mú, ó ń dúró ju èyí tí ọwọ́ kan dì lọ. 8x25 olójú méjì sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 250 sí 350, 8x32 sì máa ń tó 500 sí 600. Ọrùn ọmọ lè gbé méjèèjì.

Ogójì ọmọ, awò kan. Mo ti kó ọmọ jáde rí, mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: gbogbo wọn á fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á sọ, ẹyẹ á lọ. Ẹ pín wọn sí márùn-ún márùn-ún. Bí ìsọ̀rí kan bá wà nídìí awò, kí ọ̀kan máa ya àwòrán, kí ọ̀kan máa ka iye ẹyẹ, kí àwọn yòókù dijú kí wọ́n máa tẹ́tí sí ohùn. Fún ohun tí kì í sá, bí ìtẹ́ ẹ̀gà, ẹ lè fi fóònù dípò ojú: ẹ gbé awò ka orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi ojú kámẹ́rà fóònù kan ibi róbótó ìmọ́lẹ̀ tí mo ní kí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa rọra sún un títí àwòrán yóò fi kún ojú fóònù. Ọmọ mẹ́wàá lè wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Láìsí ìdúró, ẹ má dá ara yín lágara.

Ní ti awò ojú yín, ọ̀rọ̀ yìí ló sábà máa ń mú kí ẹni tó ń lo awò ojú rò pé báínókúlà kì í ṣe tòun. Báínókúlà kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ojú gbọ́dọ̀ wà sí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó lè rí gbogbo àwòrán. Fún ẹni tó wọ awò ojú, àlàfo yẹn gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 15, ó kéré tán, ọ̀pọ̀ kékeré ni kò sì tó o. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ wọ awò ojú yín, kí ẹ tẹ rọ́bà tó yí ẹnu ẹ̀yìn ká wálẹ̀ tàbí kí ẹ yí i wọlé, kí ẹ wá wò. Bí ẹ bá rí etí àwòrán náà yí po láìsí ibi tó gé, ó bá yín mu. Bó bá jẹ́ àárín nìkan lẹ ń rí bí ẹni ń wo inú páìpù, ẹ mú òmíràn. Àwọn ọmọ tí kò lo awò ojú ní tiwọn gbọ́dọ̀ fa rọ́bà yẹn síta. Ẹ sọ fún wọn, torí bí wọn kò bá ṣe é, dúdú yóò máa já wọ àwòrán, wọ́n á sì rò pé ojú àwọn ni kò dáa. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú méjèèjì awò náà lè sún mọ́ra tó fún ojú ọmọdé. Èyí tó ní àgbékọ́ méjì láàárín sábà máa ń sún mọ́ra dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, bí mo ṣe máa gbà yín nímọ̀ràn nìyí. Àwọn àtijọ́ 8x30 tí èjìká wọn yọ síta, tí gíláàsì iwájú jìnnà síra ju ti ẹ̀yìn lọ, máa ń fún owó ní iyì. Irú ìkọ́lé inú yẹn, Ignazio Porro ará Ítálì ló gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1854, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ rọra mì í sétí. Bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu kan, kí ẹ wo ẹnu kejì: bí ẹ bá rí ohun tó rí bí okùn aláǹtakùn nínú gíláàsì, ó ti bu. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà iná tàbí góńgó òrùlé kan tó jìnnà, kí ẹ wá máa fa awò náà kúrò lójú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìbú ọwọ́ kan. Wáyà tó wà nínú ojú òsì àti èyí tó wà nínú ojú ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì, awò náà ti ṣubú rí, inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ọpọlọ lè tiraka láti pa wọ́n pọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n orí fífọ́ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Èyí ni mo fi ń mọ awò tí mi ò ní rà láé, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ ti rà á, ẹ gbé e délé. Ẹ tò ó sí ojú yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ láàárín títí róbótó méjèèjì yóò fi di ẹyọ kan. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu iwájú ti ọ̀tún, kí ẹ fi ojú òsì wo pátákó kan tó ní lẹ́tà, kí ẹ yí wíìlì àárín títí lẹ́tà yóò fi mọ́ kedere. Ẹ wá bo ti òsì, kí ẹ má fọwọ́ kan wíìlì àárín mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tó yí ẹnu ẹ̀yìn ọ̀tún ká ni kí ẹ yí báyìí, títí ojú ọ̀tún náà yóò fi mọ́. Òun ló ń tún ìyàtọ̀ ojú méjèèjì ṣe. Ẹ fi ọ̀dà èékánná kán ojú ibi tó dúró sí, kí ẹ lè dá a padà nígbà tí ọmọ bá yí i dànù, torí wọn á yí i dànù. Láti ìgbà náà, wíìlì àárín nìkan ni ẹ óò máa lò.

Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tuntun ń ṣe ni pé wọ́n á gbé awò sójú, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹyẹ kiri ojú ọ̀run. Ẹ fi ojú lásán mú ẹyẹ náà mọ́lẹ̀ ná. Ẹ má mú ojú kúrò lára rẹ̀, ẹ má mi orí, kí ẹ wá gbé awò wá bá ojú. Ẹyẹ náà á ti wà nínú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ fi èyí ṣe eré nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó jáde: ẹni kan á dárúkọ nǹkan, bí ìdí ìgò lórí fẹ́ǹsì tàbí ewé kan tó ti pọ́n, àwọn yòókù á gbé awò bá a. Ẹ tún kọ́ wọn láti fi ojú aago júwe igi: "aago méjì, lórí ẹ̀ka gbígbẹ" yára ju "lọ́hùn-ún yẹn" lọ.

Kí ọwọ́ lè dúró, ẹ jókòó, kí ẹ gbé ìgúnpá lé orúnkún, kí ẹ̀yìn fara ti igi. Ẹni tó bá dúró, kó fún ìgúnpá mọ́ ìhà, kó fi àtàǹpàkò ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó dá èémí dúró díẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wo nǹkan wínníwínní. Ẹni tó lo olójú kan, kó fi ọwọ́ kejì di etí fìlà rẹ̀ àti awò náà mú pọ̀. Ìyàtọ̀ tó máa rí á yà á lẹ́nu.

Òjò àti ọyẹ́ ni ọ̀tá awò ní ilẹ̀ wa, òjò ló sì burú jù. Ní ọdún kan, mo kó báínókúlà mi sínú àpò awọ tó bá a wá, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá. Nígbà tí mo mú un jáde, nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti hù sínú gíláàsì iwájú, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu, ó na ẹ̀ka bí gbòǹgbò. Kò ṣeé nù, inú ló wà, ó sì ti jẹ ohun tí wọ́n fi kun gíláàsì náà. Láti ọjọ́ náà, inú ike onídèérí tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ni awò mi ń sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun láti fa omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn lónìí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi ìrẹsì ṣe é, eruku rẹ̀ pọ̀. Bí awò bá bọ́ láti inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ sínú ooru, gíláàsì á ṣú. Ẹ fi sílẹ̀ nínú àpò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á mọ́ fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ IPX7 sára rẹ̀, ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀fúùfù omi Olúmirin kò ní ṣe é ní nǹkan. Tí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ mú náílọ́ọ̀nù dání.

Eruku ọyẹ́, yanrìn ni. Ẹni tó bá fi etí ìró tàbí ẹ̀wù nu gíláàsì tí eruku wà lórí rẹ̀, ó ń fi yanrìn ha á ni. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku náà dànù. Rọ́bà tí àwọn ìyá fi ń fa ikun imú ọmọ dára gan-an fún un, bó bá jẹ́ tuntun. Ẹnu máa ń tu itọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó mú aṣọ fẹ́lẹ́ tí àwọn oníṣègùn ojú ń fún yín mọ́ awò ojú.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbójú fò rárá: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ awò sí oòrùn, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, á rántí bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ pé kí a má fi ojú lásán wò ó. Pẹ̀lú awò, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún ẹyẹ á kó iná oòrùn jọ sínú ojú ọmọ náà, ojú tó bá jó báyẹn kò ní padà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lójoojúmọ́ tí ẹ bá jáde, kí oòrùn sì máa wà lẹ́yìn yín nígbà gbogbo. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí fèrèsé onílé, sí ojúbọ tàbí sí ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó wọ igbó ẹnikẹ́ni, ẹ kí onílẹ̀, ẹ kí ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọdẹ tí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún á fi ẹyẹ tí ìwé yín kò ní hàn yín.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni màá fi ṣe ìjáde àkọ́kọ́, torí wíwá ẹyẹ nínú igbó ṣòro fún ẹni tuntun. Ẹ kó wọn wá sí Ifẹ̀. Ẹ dúró níbi Òpá Ọ̀rányàn kí wọ́n fi ìṣó irin tó wà lára òkúta náà kọ́ bí a ṣe ń yí wíìlì, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ tí kì í sì í fò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sínú ọgbà Yunifásítì, sí abẹ́ àwọn igi tí àdán ń sùn sí. Àdán ńlá ni wọ́n, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, wọn kì í sì í sá lọ́sàn-án bí ẹ kò bá pariwo. Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ yín ni yóò wo ìṣe tirẹ̀. Pẹ̀lú 8x25, wọ́n á rí irun ọrùn rẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, wọ́n á rí i bó ṣe ń fi apá fẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí ooru bá mú, àti èékánná tó fi kọ́ ẹ̀ka. Ẹ sọ fún wọn pé àdán yìí ló ń gbé èso ìrókò kiri inú igbó. Kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tó bá já bọ́.

Láti ibẹ̀, ẹ lè ya sí adágún Ọ̀pà kí oòrùn tó mú jù, níbi tí ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú òun funfun ti máa ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, tó ń lu ìyẹ́, kó tó já lu omi. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Mo ní 8x30 tòkunbọ̀ méjì àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan nílé, màá kó wọn wá bá yín ní ẹnu géètì.